Wọ́n so túùbù mi nígbà iṣẹ́ abẹ: ṣé mo ṣì lè bímọ?

Ìyá Aláṣọ, Òṣogbo

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mi ò sì rí ẹni tí mo lè bá sọ ọ́ ládùúgbò wa tí kò ní gbé e dé etí ìyá ọkọ mi. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí fún ọkọ mi àkọ́kọ́. Mo fúnra mi bí èyí àkọ́bí, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé àwọn méjì yòókù. Lọ́jọ́ tí wọ́n máa gbé àbíkẹ́yìn, dókítà bá ọkọ mi sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà tíátà pé ọmọ mẹ́ta ti tó, kí wọ́n kúkú so túùbù mi, ọ̀nà tí ẹyin ń gbà dé ilé ọmọ, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ la inú. Ọkọ mi fọwọ́ sí i. Wọ́n bi èmi náà, mo ní kò burú, àmọ́ ìrọbí ti mú mi láti òru, ohunkóhun tí wọ́n bá gbé síwájú mi lọ́jọ́ yẹn ni mo máa fọwọ́ sí. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà.

Ọkọ mi ti di olóògbé. Mo ti fẹ́ ẹlòmíràn. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó ń tọ́jú àwọn ọmọ mi bíi tirẹ̀, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ kò tíì bímọ rí. Mo sọ fún un kó tó gbé mi níyàwó pé wọ́n ti so mí, ó ní kò séwu. Ìyá rẹ̀ ni kò mọ̀. Mo ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n báyìí. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Èkó ní àwọn lè tú u, wọ́n sì ti ń béèrè owó àsansílẹ̀ láìtíì fojú kàn mí. Ẹlòmíràn ní IVF ni kí n lọ ṣe, èyí tí wọ́n ti ń pa ẹyin àti àtọ̀ pọ̀ níta ara kí wọ́n tó gbé e sínú ilé ọmọ. Obìnrin kan tó ń ta àgbo ní òun máa bá mi là á. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti rí irú èyí rí? Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Nọ́ọ̀sì Tíátà, Ìbàdàn

Ìyá Aláṣọ, ẹ kú àfaradà. Kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹni tó lọ.

Inú tíátà ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹ má san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni títí ẹ ó fi rí ìwé iṣẹ́ abẹ yín. Ẹ padà sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti gbé ọmọ, ẹ lọ síbi tí wọ́n ń kó fáìlì sí, ẹ mú káàdì yín dání, kẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ ẹ̀dà ojú ewé tí dókítà kọ ohun tó ṣe nínú tíátà sí. Wọ́n lè ní kẹ́ ẹ lọ kẹ́ ẹ bọ̀, ẹ má gbà. Ẹ̀tọ́ yín ni, ó wà nínú ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2018.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà so ó kì í ṣe ẹyọ kan, ohun tí wọ́n ṣe ló máa sọ bóyá ó ṣeé tún ṣe. Túùbù obìnrin gùn tó bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá sí méjìlá. Nígbà iṣẹ́ abẹ ìgbẹ̀bí, èyí tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa ni ti Pomeroy. Dókítà á fa àárín túùbù sókè títí á fi ká bí ìkọ́, á fi okùn tó ń yòrò nínú ara so ìdí rẹ̀, á wá gé orí ìkọ́ náà dànù. Kò pẹ́ púpọ̀, okùn á ti yòrò, ojú tí wọ́n gé á jinná, ẹnu méjèèjì á sì fà sẹ́yìn kúrò lára ara wọn. Dókítà tó bá fẹ́ tún un ṣe kò ní bá okùn kankan níbẹ̀. Ẹnu méjì tó ti dí ló máa bá. Á máa gé e díẹ̀díẹ̀ títí á fi rí ihò tó mọ́, á wá fi okùn tó tín ju irun orí lọ gán wọn pọ̀ mọ́ra lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, nítorí pé níbi tí túùbù ti sún mọ́ ilé ọmọ, ihò inú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju mìlímítà kan lọ. Kì í ṣe gbogbo dókítà tó ń gbẹ̀bí ló mọ iṣẹ́ yìí.

Àwọn kan máa ń fi rọ́bà kékeré há a, àwọn kan ń lo kílíìpù, àwọn kan ń fi iná jó o. Kílíìpù àti rọ́bà kì í ba ibi tó pọ̀ jẹ́. Iná ló ń jẹ túùbù jù. Àwọn dókítà mìíràn sì máa ń gé ìparí túùbù tó ń gba ẹyin, tàbí kí wọ́n yọ gbogbo túùbù dànù, èyí tó ti ń wọ́pọ̀ sí i báyìí torí pé ó ń dín ewu jẹjẹrẹ ilé ẹyin kù. Ẹni tí wọ́n bá yọ tirẹ̀ pátápátá, kò sóhun tí wọ́n fẹ́ gán mọ́ ohun kankan. IVF ló kù fún un. Ṣé ẹ rí i pé ẹni tó ń gba owó àsansílẹ̀ láì tíì ka ìwé yín kò mọ ohun tó ń tà fún yín?

Ohun kejì ni ìdí tí dókítà fi ní kí wọ́n so ó. Bó bá jẹ́ pé ó kàn rò pé ọmọ mẹ́ta ti tó ni, ìyẹn yàtọ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ojú àpá ilé ọmọ yín ti fẹ́lẹ́, títún túùbù ṣe kò ní sọ ilé ọmọ di tuntun. Ẹni tí wọ́n ti la ilé ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bí oyún mìíràn bá wá, tí ibi ọmọ sì lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ọmọ, ó lè ta gbòǹgbò wọnú àpá àtijọ́. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n gbé jáde ní 2006, lórí iṣẹ́ abẹ ìgbẹ̀bí tó ju 30,000 lọ, rí i pé nínú àwọn tí ibi ọmọ wọn dúró sẹ́nu ọ̀nà báyẹn, 40 nínú 100 àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni ibi ọmọ wọn ta gbòǹgbò bẹ́ẹ̀. Mo ti dúró nínú tíátà lọ́jọ́ irú ẹ̀. Wọ́n ń sáré gbé ẹ̀jẹ̀ wọlé, wọ́n sì yọ ilé ọmọ kẹ́yìn kí ìyá má bàa kú. Kì í ṣe gbogbo oyún ni ibi ọmọ ń dúró síbẹ̀, ìwọ̀nba ni, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kẹ́ ẹ tó náwó.

Bàbá Ìbejì, Abẹ́òkúta

Ẹ ṣeun, Nọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni mo fẹ́ sọ ní tèmi.

Ìyá Aláṣọ, ẹ ti bí mẹ́ta. Ọkọ yín ni kò tíì bí. Kí ló dé tó jẹ́ pé inú yín nìkan ni gbogbo èèyàn fẹ́ là? Kí ọkọ yín lọ ṣe àyẹ̀wò àtọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn yín. Kó yẹra fún obìnrin fún ọjọ́ méjì ó kéré tán, kó má sì ju ọjọ́ méje lọ, kó wá lọ sí láàbù. Kò la inú, owó rẹ̀ kò sì sún mọ́ ti iṣẹ́ abẹ rárá. Bí àtọ̀ rẹ̀ bá ṣọ̀wọ́n gan-an, wọn ì báà tún túùbù yín ṣe kó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ óò kàn máa ka oṣù ni. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, IVF tí wọ́n ti ń fi abẹ́rẹ́ ki àtọ̀ ẹyọ kan bọ inú ẹyin kan ló bá a mu.

Mo mọ ìdílé kan tó jẹ́ pé ìyàwó ló ń gbé oògùn mì fún ọdún gbọọrọ, nígbà tí ọkọ gbà láti lọ ṣe àyẹ̀wò ni wọ́n rí ibi tí ìṣòro wà. Mo mọ̀ pé ó ń ti àwa ọkùnrin lójú. Bó bá fẹ́, kó lọ ṣe é ní ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Peckham

Ẹ̀gbọ́n mi l'Óṣogbo, mo ti ṣe é, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí.

London níbí ni wọ́n ti so mí, kílíìpù Filshie ni wọ́n lò, irin titanium kékeré tó ní sílíkónì nínú. Wọ́n sọ fún mi dáadáa pé títí láé ni, mo sì gbà. Ayé wá yí padà. NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, kì í sábà sanwó fún títún un ṣe, torí náà a tu owó jọ, a lọ bá dókítà aládàáni. Kó tó gbà mí, ó béèrè ìwé iṣẹ́ abẹ bí Nọ́ọ̀sì ṣe wí, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò kó lè mọ bí ẹyin mi ṣe kù sí, ó sì yẹ àtọ̀ ọkọ mi wò. Ojú iṣẹ́ abẹ náà kéré, ìsàlẹ̀ ikùn ni. Mo ti ń rìn kiri lọ́jọ́ kejì, ó kàn jẹ́ pé mi ò gbọ́dọ̀ gbé ẹrù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Oyún inú túùbù ni ẹnikẹ́ni kò là yé mi tó. Nǹkan oṣù mi pẹ́, mo fi ìtọ̀ ṣe àyẹ̀wò, ìlà méjì jáde, èmi àti ọkọ mi sunkún ayọ̀. Kò ju bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìgbà yẹn tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí ẹ̀jẹ̀ dúdú díẹ̀díẹ̀, inú sì ń ro mí lápá òsì nìkan. Ọjọ́ Àìkú ni, mo ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ kúrò lórí sítóòfù, ni ibì kan lókè èjìká mi níbi tó ti pàdé ọrùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Mi ò tíì rí irú ìrora yẹn rí. Ojú mi ṣókùnkùn, ìkòkò bọ́ lọ́wọ́ mi. Àbúrò mi ló pe áńbúláǹsì. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ tó ti kún inú ikùn ló ń ta mọ́ èjìká. Wọ́n yọ túùbù òsì yẹn lóru ọjọ́ náà. Túùbù ọ̀tún ló kù, inú rẹ̀ ni ọmọkùnrin mi gbà kọjá, ó ti ń lọ sílé ìwé.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá tún túùbù ṣe, nínú 100 oyún tó bá wá, méjì sí mẹ́wàá ló lè dúró sínú túùbù, ó ju ti ẹni tí wọn kò so rí lọ. Nítorí náà, ọjọ́ tí nǹkan oṣù bá ti pẹ́ ni kẹ́ ẹ yẹ ìtọ̀ wò. Bó bá jẹ́ oyún, ẹ lọ ṣe skáànù ní bí ọ̀sẹ̀ kẹfà kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i pé inú ilé ọmọ ló wà. Mo mọ̀ pé nílé, wọ́n á ní kẹ́ ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, kẹ́ ẹ jẹ́ kó di oṣù kẹrin kẹ́ ẹ tó lọ forúkọ sílẹ̀. Ẹ má gbà fún wọn lórí èyí. Bí ikùn bá ń ro yín lápá kan tàbí tí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́.

Arábìnrin Àdúrà, Ṣàgámù

Ẹ̀yin ará, ẹ má gbàgbé pé Ọlọ́run ló ń ṣí ilé ọmọ. Wọ́n so àǹtí mi. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ó lóyún, ó sì bí ọmọbìnrin, Ìyanuolúwa ni wọ́n sọ ọ́. Dókítà kankan kò tún nǹkan kan ṣe fún un. Ìyá Aláṣọ, ẹ gbààwẹ̀, ẹ sì fọkàn balẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Tíátà, Ìbàdàn

Arábìnrin, mo gba ẹ̀rí yín gbọ́, ó ń ṣẹlẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n tọpa obìnrin 10,685 tí wọ́n so láàárín 1978 sí 1986. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, nǹkan bíi 18 tàbí 19 nínú 1,000 ti lóyún. Nígbà mìíràn ẹnu túùbù méjèèjì máa ń tún fúnra wọn wá ara wọn rí. Àmọ́ nínú àwọn oyún wọ̀nyẹn, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni kò sí nínú ilé ọmọ. Ohun tí Ọmọ Ẹ̀gbá sọ lókè yẹn ló ń ṣẹlẹ̀ sí wọn, àwọn mìíràn kò sì rí áńbúláǹsì pè.

Kí Ìyá Aláṣọ gbàdúrà, èmi náà ń bá a gbà á. Àmọ́ nínú 1,000 obìnrin, ó lé ní 980 tí kò lóyún. Ẹ jẹ́ kó ṣe ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ṣe, kí ọjọ́ orí tó kọjá.

Alágbo, Ọ̀yọ́

Mo rí i pé ẹ dárúkọ wa. Iṣẹ́ àgbo ni mo ń ṣe, lọ́dọ̀ ìyá mi àgbà ni mo ti kọ́ ọ, mi ò sì ní tijú iṣẹ́ mi. Bí inú bá ń run obìnrin nígbà nǹkan oṣù, a ní ohun tí à ń sè fún un. Ohun tí wọ́n fi abẹ gé, kò sí ewé tó ń gán an. Ẹni tó ní òun máa là á, ẹ bi í léèrè pé kí ló fẹ́ là. Ó lè gba owó yín lóṣù yìí, kó tún gbà á lóṣù tó ń bọ̀, ẹ ò sì ní mọ ìgbà tó máa parí.

Èyí tó ń dùn mí jù ni àwọn tó ń ní kí obìnrin ki oògùn bọ abẹ́. Ẹ ṣọ́ra fún un gidigidi. Ó lè kó àrùn wọnú ilé ọmọ, kí ìwọ̀nba túùbù tó ṣẹ́kù wá bà jẹ́ tán, tí dókítà kò sì ní rí nǹkan tó dáa gán mọ́.

Ìyá Aláṣọ, Òṣogbo

Ẹ ṣé, mọ̀lẹ́bí. Omi bọ́ lójú mi nígbà tí mo ka ti Ọmọ Ẹ̀gbá. Mo ti lọ sílé ìwòsàn, wọ́n ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ pé àwọn ń wá fáìlì. Ọkọ mi ní òun máa lọ ṣe àyẹ̀wò, kò tiẹ̀ jà rárá.

Yéyé, Houston

Ìyá Aláṣọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹlòmíràn kò tíì sọ. Inú mi bàjẹ́ sí bí wọ́n ṣe ṣe é fún yín. Ara yín ni, ọkọ ni wọ́n bá sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wá bi yín léèrè nígbà tí ẹ ń rọbí. Ẹni tó ń rọbí kò lè ronú lórí ọjọ́ iwájú.

Níbi tí mo wà yìí, bó bá jẹ́ owó ìjọba ni wọ́n fẹ́ fi so obìnrin, ó gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 21, ó sì gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí ìwé ní ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú, àyàfi tí nǹkan pàjáwìrì bá dé. Wọn kò gbọ́dọ̀ gba ìfọwọ́sí lọ́wọ́ ẹni tó ń rọbí. Ìyà tó jẹ àwọn èèyàn wa ló mú òfin náà wá. Ní 1973, ní Montgomery ní ìpínlẹ̀ Alabama, wọ́n so ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú méjì, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, Minnie Lee Relf ọmọ ọdún 14 àti Mary Alice Relf ọmọ ọdún 12. Ìyá wọn kò mọ̀wé. Ó fi àmì X síbi tí wọ́n ní kó fi sí, ó rò pé abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí lásán ni. Ìdílé náà gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé ẹjọ́, ibẹ̀ ni ayé ti gbọ́ pé kì í ṣe àwọn nìkan ni wọ́n ṣe é fún.

Ìwádìí lórí obìnrin 10,685 tí Nọ́ọ̀sì mẹ́nu bà yẹn náà tún béèrè lọ́wọ́ àwọn obìnrin bóyá wọ́n kábàámọ̀. Nínú àwọn tí wọ́n so nígbà tí wọn kò tíì ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, 20 nínú 100 ló ní àwọn kábàámọ̀ kí ọdún 14 tó pé. Nínú àwọn tó ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ, kò tó 6. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni Ìyá Aláṣọ. Ó yẹ kí ẹnì kan sọ fún un pé ọkọ lè kú, pé ọmọ lè kú, pé ìfẹ́ ọkàn èèyàn lè yí padà.

Nọ́ọ̀sì Tíátà, Ìbàdàn

Yéyé, òdodo lẹ sọ, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n gbèjà àwọn tí mo bá ṣiṣẹ́. Mo ti rí obìnrin tí ilé ọmọ rẹ̀ ya nígbà tó ń rọbí lábúlé, tí wọ́n fi ọ̀kadà gbé wá. Wọ́n rán ilé ọmọ, ó yè. Ẹni bẹ́ẹ̀, bó bá tún lóyún, tí kò sì tètè dé ilé ìwòsàn, ó lè máà padà wálé. Dókítà tó ní kí wọ́n so irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ṣìkà.

Ibi tí mo ti gbà pẹ̀lú yín ni pé ẹnu ọ̀nà tíátà kọ́ ni ibi ọ̀rọ̀ yìí. Kílíníìkì aboyún ni, nígbà tí inú ṣì kéré, tí obìnrin jókòó dáadáa, tí ó lè lọ sílé lọ rò ó. Ẹni tí kò bá sì dá lójú, kí wọ́n fi lúùpù, ohun ìfètòsọ́mọbíbí tó ń gbé inú ilé ọmọ, sí i nínú lójú iṣẹ́ abẹ kan náà. Èyí tó ní kọ́pà lè lo ọdún mẹ́wàá, ọjọ́ tó bá sì fẹ́ ni wọ́n á yọ ọ́. Èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá náà wà. Mo fẹ́ kí gbogbo aboyún tó bá ń ka èyí mọ̀ pé òun lè béèrè fún un.

Aláìlórúkọ, Èkó

Ẹ foríjì mí pé mi ò fi orúkọ mi sí i. Èmi àti ọkọ mi, AS ni wá. A pàdánù ọmọ wa àkọ́kọ́ sọ́wọ́ àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹnì kejì wà láàyè, AA ni, ìbẹ̀rù ni mo fi ní kí wọ́n so mí. Ọkàn mi tún ń fà sí ọmọ. Ṣé kí n tú u?

Nọ́ọ̀sì Tíátà, Ìbàdàn

Ọlọ́run á tù yín nínú, ìyá. Ní tiyín, ẹ fi túùbù sílẹ̀ bó ṣe wà. Bí ẹ bá tún un ṣe, oyún kọ̀ọ̀kan á tún ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS, ẹ ó sì tún padà sínú ìbẹ̀rù yẹn. Ní IVF, wọ́n lè gba ẹyin yín, kí wọ́n fi àtọ̀ ọkọ yín sí i níta, kí wọ́n yẹ jẹ́nótáìpù ọlẹ̀ wò kí wọ́n tó gbé èyí tí kì í ṣe SS sínú ilé ọmọ. Kò sí ibi tó ti kan túùbù. Kódà nítorí àwọn tí túùbù wọn kò ṣiṣẹ́ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ IVF: Louise Brown tí wọ́n bí ní Oldham ní July 1978, túùbù ìyá rẹ̀ ló dí. Nílé wa níbí, LUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì l'Ékòó, ni wọ́n ti bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní 1989, lábẹ́ àwọn Ọ̀jọ̀gbọ́n Giwa-Osagie àti Ashiru. Owó rẹ̀ ga, mi ò ní purọ́ fún yín. Ẹ béèrè dáadáa, torí kì í ṣe gbogbo ibi tó ń ṣe IVF ló ń ṣe àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù yẹn.

Ìyá Aláṣọ, Òṣogbo

Wọ́n ti rí fáìlì mi! Mo ya fọ́tò ojú ewé náà, nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ sì kà á fún mi. Ti Pomeroy ni, lápá méjèèjì. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ojú àpá ilé ọmọ dára, ìdí tí wọ́n sì kọ ni pé ọmọ ti pé. Àyẹ̀wò ọkọ mi náà ti jáde, wọ́n ní àtọ̀ rẹ̀ dára. Èwo ni kí n ṣe báyìí nínú méjèèjì?

Nọ́ọ̀sì Tíátà, Ìbàdàn

Ẹ kú oríire. Mi ò lè yàn fún yín, dókítà tó bá yẹ̀ yín wò ló máa bá yín yàn án, àmọ́ ẹ gbọ́ èrò mi. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, tí wọ́n so ní ti Pomeroy, tí ọkọ rẹ̀ pé, tí ilé ọmọ rẹ̀ dára: títún un ṣe tọ́ sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ láti gbìyànjú. Lọ́wọ́ dókítà tó mọ̀ ọ́n ṣe, láàárín ìdajì sí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá àwọn tí kò tíì pé ogójì ló ń lóyún. Iṣẹ́ abẹ ẹ̀ẹ̀kan ni, lẹ́yìn rẹ̀ oṣooṣù ni ẹ lè máa gbìyànjú, bí ẹ bá sì fẹ́ bí ju ẹyọ kan lọ, ẹ kò tún ní sanwó mìíràn. IVF máa ń yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣe é lẹ ó máa sanwó, bóyá ó mú tàbí kò mú. Ká ní ẹ ti sún mọ́ ogójì ni, IVF ni mo máa ní kẹ́ ẹ sáré sí.

Wọ́n lè ní kẹ́ ẹ ya fọ́tò túùbù, èyí tí wọ́n ń fi oògùn sí láti ìsàlẹ̀. Ìyẹn á fi apá tó sún mọ́ ilé ọmọ hàn nìkan, kò lè fi apá kejì hàn torí pé ọ̀nà ti gé. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń gba ìdodo ki bọ inú ló ń jẹ́ kí dókítà rí i bóyá ohun tó ṣẹ́kù gùn tó. Bí gbogbo rẹ̀ bá máa gùn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá gán an tán, ìrètí pọ̀.

Bàbá Ìbejì, Abẹ́òkúta

Ní ti ìyá ọkọ yín, ẹ jẹ́ kí ọkọ yín sọ fún un fúnra rẹ̀, kó tó di ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Òun ló mọ̀ kó tó gbé yín níyàwó, òun ni ìyá rẹ̀ máa gbà gbọ́. Kó má lọ jẹ́ pé ẹnu ẹlòmíràn ni mọ́mọ̀ ti máa gbọ́ ọ.

Ìyá Aláṣọ, Òṣogbo

Ó ti gbà láti sọ ọ́, ẹ ṣeun bàbá. Mo ti sọ fún àwọn ti Èkó pé mi ò san owó àsansílẹ̀ mọ́. A ti gba ọjọ́ lọ́dọ̀ dókítà kan ní ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba, àwa méjèèjì la jọ ń lọ. Kí ni kí n bi í?

Ọmọ Ẹ̀gbá, Peckham

Ẹ bi í bóyá òun fúnra rẹ̀ ló máa gán an tàbí ẹlòmíràn, àti bóyá ó ń lo ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan di ńlá. Ẹ bi í pé tó bá la inú tó rí i pé túùbù kò ṣeé gán, kí ló máa ṣe, ṣé ó sì máa dá owó kankan padà. Ẹ bi í nípa skáànù ọ̀sẹ̀ kẹfà yẹn: ta lẹ máa pè tí oyún bá wá ní òpin ọ̀sẹ̀. Kẹ́ ẹ wá bi í pé nínú àwọn tó ti ṣe é fún, mélòó ló gbé ọmọ lọ sílé. Ẹ má jẹ́ kó ka iye àwọn tí túùbù wọn là fún yín, tàbí iye àwọn tó lóyún. Iye àwọn tó gbé ọmọ lọ sílé ni kẹ́ ẹ béèrè, bí kò bá sì lè sọ ọ́, ẹ wá dókítà mìíràn.